Bí ẹ ó ṣe múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì NCE ti ìjọba

Kíkọ́ ọmọ ní ìṣirò yàtọ̀ sí kíkọ́ ẹni tí yóò lọ kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó ti ń fìdí rẹmi nìyẹn, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba bá pè wọ́n wá ṣe ìdánwò. Wọ́n ti ka kẹ́míísìrì tàbí Gẹ̀ẹ́sì yó, wọ́n sì rò pé ohun tí wọn yóò bi àwọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní NCE (Nigeria Certificate in Education, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́) ń wá ẹni tó lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kó rí ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, kó sì ṣàlàyé bí yóò ṣe tún un kọ́. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí a fẹ́ sọ níhìn-ín dá lórí èyí.

Ìwé kíkọ, kí ìdánwò tó dé

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀, bíi ti Abẹ́òkúta tàbí ti Special (ti ẹ̀kọ́ àkànṣe) tó wà ní Ọ̀yọ́, máa ń gbé ìpolówó iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àti lórí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ìpolówó máa ń fúnni láti kọ̀wé. Ẹ ka ìpolówó náà láti òkè dé ilẹ̀, torí pé ohun kéékèèké ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ yọ èèyàn kúrò: iye ẹ̀dà tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ (ó lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún), orúkọ ipò tí ẹ ń wá tí wọ́n ní kí ẹ kọ sí igun òkè àpò-ìwé ní ọwọ́ òsì, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí CV tò tẹ̀ léra. Bí wọ́n bá ní kí orúkọ ṣáájú, kí ọjọ́ ìbí tẹ̀ lé e, kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ tò ó. CV aláràbarà tí ẹ fi wá iṣẹ́ báńkì lọ́jọ́sí kò wúlò níbí.

Ẹ mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ̀wé sí. Nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì, ipò olùkọ́ ń lọ láti Assistant Lecturer, Lecturer III, II, I, dé Senior Lecturer, Principal Lecturer àti Chief Lecturer. Yunifásítì kò ní Lecturer III, kò sì ní Chief Lecturer. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà lókè tiwọn. Èyí ṣe pàtàkì lásìkò yìí, nítorí púpọ̀ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ Yorùbá ti di yunifásítì: Adéyẹmí ní Oǹdó, Emmanuel Àlàyándé ní Ọ̀yọ́, Adéníran Ògúnsànyà ní Èkó. Ẹni tó kọ̀wé sí yunifásítì pé òun ń wá ipò Lecturer III ti fi hàn pé òun kò wo ibi tí òun ń lọ. Bákan náà, Provost ni olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe Vice-Chancellor. Ẹ má ṣi í pè nínú lẹ́tà, ẹ má sì ṣi í pè níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò.

Ní ti ìwé-ẹ̀rí, B.Ed., B.A.Ed. tàbí B.Sc.Ed., ìyẹn dígírì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó ka B.Sc. tàbí B.A. lásán ní láti fi PGDE (dípúlọ́mà iṣẹ́ olùkọ́ tí a ń gbà lẹ́yìn dígírì) kún un, kódà bó ti gba master's. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìforúkọsílẹ̀ TRCN, àjọ tí òfin 1993 gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ olùkọ́. Àjọ náà ní ìdánwò tirẹ̀ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, tí wọ́n ń pè ní PQE, ó sì ní ìpele mẹ́rin: A fún ẹni tó ní PhD, B fún master's, D fún NCE, C sì ni ti ẹni tó ní dígírì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ tàbí tó fi PGDE kún tirẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ ṣe é ṣáájú kí ìpolówó tó jáde, torí pé kì í ṣe ìgbà tó bá wù yín ni wọ́n ń ṣe é. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: ohun tí ẹ kà fún PQE lè wúlò fún ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò bi yín.

Ẹ wo orúkọ tó wà lára gbogbo ìwé-ẹ̀rí, láti ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ti NYSC. Bí Adébáyọ̀ bá wà lórí ọ̀kan tí Báyọ̀ sì wà lórí òmíràn, tàbí tí ìyàwó ilé ti yí orúkọ padà, ìwé ìbúra láti kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni kí ẹ ti ní lọ́wọ́. Ọjọ́ àyẹ̀wò ìwé kọ́ ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré lọ sí kóòtù. Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun lè “bá yín fi orúkọ sí i”, ọ̀daràn ni. Ẹ má tilẹ̀ dá a lóhùn.

Ohun tó máa ń jáde nínú ìdánwò

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Àwọn kan ń ṣe ìdánwò kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó pe àwọn tó yege fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn mìíràn sì ń lọ tààrà síwájú ìgbìmọ̀. Ẹ múra fún méjèèjì. Apá tó jẹ́ ti gbogbogbòò, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò kékeré, ìròyìn tó ń lọ àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kò le. Ìdánwò àtijọ́ díẹ̀ ti tó fún un. Ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ gan-an ló ń jẹ máàkì.

Nínú ìtàn ẹ̀kọ́, ọdún àti ìdí rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀ pa pọ̀. Badagry, 1843: ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. 1882: òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún àwọn ìletò Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 1887 ni ti Èkó fúnra rẹ̀. 1896: St. Andrew's fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́. January 1955: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba yàn lórí ẹ̀kọ́ gíga, gbé àbọ̀ wọn jáde ní 1960, ibẹ̀ ni èrò àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà fún olùkọ́, tó bí NCE, ti wá. 1969 ni àpérò lórí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù, òun ló bí National Policy on Education ti 1977. UPE (ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ ti 1976, UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) bẹ̀rẹ̀ ní 1999, òfin rẹ̀ sì jáde ní 2004. Ìbéèrè tó ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ni èyí tó fi 1955, 1976 àti 1999 sí ojú kan náà. Bí ẹ bá há ọdún nìkan sórí, wọn yóò mú yín. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìjọba ẹkùn ló ni ti 1955, ìjọba ológun ló ni ti 1976, ìjọba tí a dìbò yàn sì ló ni ti 1999, ẹ kò ní ṣì í.

Àwọn àjọ náà máa ń dàrú mọ́ra. NCCE, ti 1989, ló ń bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló sì ń ṣe Minimum Standards tí gbogbo ètò NCE gbọ́dọ̀ bá mu. TRCN ń bójú tó olùkọ́ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́. NTI ní Kàdúná ń kọ́ olùkọ́ láti ọ̀nà jíjìn. NERDC ń ṣe kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. UBEC ni ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, NUC ni ti yunifásítì. Ẹ wá Minimum Standards ti ẹ̀ka tiyín, kí ẹ kà á ní àkàtúnkà. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ẹ̀ka méjì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ NCE ń kà pọ̀, ẹ ó rí kóòsì EDU (ti iṣẹ́ olùkọ́) àti GSE (ti gbogbogbòò), àti pé ìdánrawò nínú kíláàsì, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní TP, ní yúnìtì 6. Ẹni tó bá lè sọ kóòsì méjì tàbí mẹ́ta tí òun lè kọ́ nínú ìwé náà pẹ̀lú orúkọ wọn ti yàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ló padà sípò. Ìwé ìdáhùn tí wọ́n ń tà lọ́jà kò tíì gbọ́ ìyẹn. Ohun tí ìgbìmọ̀ sì lè bi yín kò ní jẹ́ “kí ni ìlànà sọ?” nìkan, wọ́n lè ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi gbà tàbí tí ẹ kò fi gbà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ ní ẹ̀rí tó dúró gbọin láti tọ́ka sí: iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, lápá ibi tó ti ṣe é ṣe àti lápá ohun tó ń ná ni.

Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá, wọ́n fẹ́ràn láti dẹ pàkúté síbi negative reinforcement. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe ìdánwò yóò sọ pé ìjìyà ni. Kì í ṣe ìjìyà. Bí olùkọ́ bá ní ẹni tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ lásìkò kò ní gbá kíláàsì lónìí, ó mú ohun tí ọmọ kò fẹ́ kúrò kí ìwà rere lè pọ̀ sí i. Ìjìyà ń mú kí ìwà dínkù. Reinforcement, yálà ó ń fi kún ni tàbí ó ń yọ kúrò, ń mú kí ó pọ̀ sí i. Ẹ mọ ìpele mẹ́rin tí Piaget ní ìrònú ọmọ ń gbà dàgbà, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn (0 sí 2, 2 sí 7, 7 sí 11, 11 lọ sókè). Ẹ mọ ètò Bloom ti 1956, tó to ìpele ìmọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àti bí àtúnṣe 2001 ṣe fi create sókè pátápátá.

Ìdíwọ̀n àti ìgbéléwọ̀n ló ń dẹ́rù ba àwọn tí kò fẹ́ràn ìṣirò, bẹ́ẹ̀ máàkì ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 ṣe ìdánwò, 24 gba ìbéèrè kẹta. Ìwọ̀n ìrọ̀rùn rẹ̀ jẹ́ 24 tí a fi 40 pín, ìyẹn 0.60. Ọ̀rọ̀ “difficulty index” yìí ló ń tan èèyàn jẹ: bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ìbéèrè ṣe rọrùn tó. Bó bá kan bí ìbéèrè ṣe ń ya ọlọ́pọlọ sọ́tọ̀, ẹ mú ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣe dáadáa jù àti irú rẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó jẹ́ bí ènìyàn 11 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí 9 lókè bá gbà á, tí 4 nísàlẹ̀ sì gbà á, 9 yọ 4 jẹ́ 5; 5 tí a fi 11 pín jẹ́ 0.45. Ìbéèrè tó dára ni. Bí àbọ̀ bá di òdì, àwọn tí kò mọ̀wé ló ń gba ìbéèrè náà ju àwọn tó mọ̀wé lọ, ohun tó sì sábà ń fà á ni pé ìdáhùn tí olùkọ́ kọ sílẹ̀ ló ṣì, tàbí ìbéèrè náà ní ìtumọ̀ méjì. Ẹ kọ́ z-score náà, tó ń fi bí máàkì ṣe jìnnà sí àárín kíláàsì hàn: máàkì 62, àárín kíláàsì 50, standard deviation (bí máàkì ṣe tàn ká) 8; 62 yọ 50 jẹ́ 12, 12 tí a fi 8 pín jẹ́ 1.5, T-score rẹ̀ (50 + 10 × 1.5) sì jẹ́ 65. Ẹ ṣe irú rẹ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́ láìlo ẹ̀rọ.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níwájú ìgbìmọ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti kọ́ ohun kan níwájú ìgbìmọ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà jù, ibí yìí náà sì ni èèyàn kì í ti í fi ara balẹ̀ múra.

Ká ní ẹ̀ka Yorùbá ni ẹ ń wá, tí wọ́n sì ní kí ẹ kọ́ fáwẹ̀lì àránmúpè. Ẹnì kan tó ń ṣe ìdánwò yóò dìde, yóò kọ an, ẹn, in, ọn, un sójú pátákó, yóò fún wọn ní àpẹẹrẹ, yóò jókòó. Ohun tó ṣe dára fún JSS 1. Kò tíì kọ́ olùkọ́ ní nǹkankan. Ẹni tó ń kọ́ olùkọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi àṣìṣe ọmọ: yóò kọ “ìban” àti “ìtọ̀n” sójú pátákó, yóò ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún TP, irú èyí ni ẹ ó bá nínú ìwé àwọn ọmọ. Kí ló fà á?” Yóò wá fi hàn pé ìró kan náà ni “an” àti “ọn” lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ibi tí a ti ń kọ ọ́ ló yàtọ̀: lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí ètè ń pè, bíi b, f, gb, p àti w, “ọn” ni a ń kọ, bíi ìbọn, ẹ̀fọn, àgbọn, lẹ́yìn ìyókù, “an” ni, bíi ìtàn, ọsàn, ikán. Yóò fi kún un pé lẹ́yìn m àti n a kì í kọ n sí ìparí fáwẹ̀lì, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ “ọmọ”, tí ọmọ kékeré tó ń fetí kọ̀wé sì lè kọ “ọmọn”. Lẹ́yìn náà, yóò ní kí wọ́n dá ìdánrawò kan tí ọmọ lè fi ṣàwárí òfin náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan kọ́ ọmọ, èkejì kọ́ olùkọ́ ọmọ.

Ọ̀nà kan náà ló wà fún gbogbo iṣẹ́. Nínú ìṣirò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọ tó ní 1/2 + 1/3 = 2/5. Nínú sáyẹ́ǹsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọ tó gbà pé ohun tó wúwo jù ló ń yára já bọ́ jù. Ẹ wá àṣìṣe ọmọ mẹ́ta nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì ní ìdáhùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ ètò ẹ̀kọ́ sórí ìwé, ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Èrò ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é fojú rí: “akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè tọ́ka sí, ṣe àkójọ, ṣe àtúnṣe”. “Yóò mọ̀” tàbí “yóò lóye” kò ṣe é díwọ̀n, ẹni tó ń kọ́ olùkọ́ tó sì kọ ọ́ ti ta ara rẹ̀ ní ìpalára. Èrò méjì ti tó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má kọ márùn-ún.

Wọ́n lè bi yín nípa micro-teaching pẹ̀lú. Kíláàsì kékeré ni, bí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ọgbọ́n ìkọ́ni kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, bíi ìbéèrè bíbéèrè tàbí lílo pátákó. A ó pète, a ó kọ́ni, a ó gbọ́ àbọ̀, a ó tún pète, a ó tún kọ́ni, a ó sì tún gbọ́ àbọ̀. Ìpele tí wọ́n máa ń fò dá nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni títún kọ́ni, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù. Bí wọ́n bá bi yín bí ẹ ó ṣe ṣe é pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 200, ẹ ní ìdáhùn: pín wọn sí ẹgbẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé ìdíwọ̀n kan náà wo ara wọn, kí fóònù gba fídíò, kí olùkọ́ wo èyí tó bá mú iyàn wá.

Níwájú kọ̀ǹpútà, níwájú ìgbìmọ̀

Bí ìbéèrè bá jẹ́ 100 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá 36 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ já gbogbo èyí tí ẹ mọ̀, ẹ fi ìṣirò sílẹ̀ dìgbà kejì. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń yọ máàkì fún ìdáhùn tó ṣì. Bí wọn kò bá yọ, ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófo. Ọ̀pọ̀ ibi ìdánwò ń lo bọ́tìnnì mẹ́jọ bí ti JAMB: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìdánwò ránṣẹ́ (submit), R láti padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ S. Ẹni tó ń wá máòsì kiri ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ti ń pàdánù ìbéèrè méjì.

Níwájú ìgbìmọ̀, ẹ kí wọn bó ti yẹ, ẹ má jókòó kí wọ́n tó ní kí ẹ jókòó. Ìbéèrè tí kò ṣe é sá fún: kí ni ẹ ó ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi bá wá sunkún sí yín ní ọ́fíìsì, kí ni iṣẹ́ ìwádìí yín dá lórí, kí ni ẹ lè fi kún ẹ̀ka yìí yàtọ̀ sí kíkọ́ni. Fún ti àkọ́kọ́, ẹ sọ pé ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yóò wà ní ṣíṣí, ẹ ó fi ìwé ìdáhùn rẹ̀ hàn án, ẹ ó sì tọ́ ọ sí ọ̀nà àtúnyẹ̀wò tí ilé-ẹ̀kọ́ là sílẹ̀. Ìdáhùn “mo máa ràn án lọ́wọ́” kò dára lẹ́nu olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, torí ó lè dún bí ẹni tó fẹ́ fi máàkì ṣojúsàájú. Bó bá jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ni, ẹ mọ̀ pé òfin 2023 ti fàyè gbà wọ́n láti fún ni ní NCE àti dígírì pọ̀. Ẹ sọ bí ìmọ̀ yín ṣe lè wúlò fún méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Wákàtí méjì lójúmọ́ ti tó bí ẹ kò bá já a. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìtàn ẹ̀kọ́, ìlànà ìjọba àti àwọn àjọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá àti kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ kẹta gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ìdíwọ̀n àti ìwádìí, kò sí bí ẹ ṣe lè kánjú síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Minimum Standards àti iṣẹ́ yín gan-an. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin níwájú ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbà á sórí fóònù, ẹ wò ó, ẹ tún un kọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìdánwò àtijọ́ pẹ̀lú aago, lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe lórí fóònù.

Bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá dé, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ dáhùn kó má kọjá, ẹ wo ipò àti ìgbésẹ̀ owó oṣù tí wọ́n kọ lábẹ́ CONPCASS (ètò owó oṣù àwọn olùkọ́ pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì) bóyá ó bá ìwé-ẹ̀rí yín mu, nítorí ó ṣòro láti yí i padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i.